Àwọ̀ ló dàrú nínú Vim, kò sóhun tó ṣe script yín tẹ́lẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Script bash kan (fáìlì àṣẹ tí ètò bash ń kà, tó sì ń ṣe) ló ń fi lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà wa lálaalẹ́, tó sì ń ṣe àkọsílẹ̀ lẹ́yìn náà. Inú rẹ̀ ni lẹ́tà ọ̀hún wà, láàárín <<EOF àti EOF tó ń fi ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin rẹ̀ han bash, ó tó 300 ìlà. Tí mo bá ṣí i nínú Vim, ètò tí mo fi ń kọ ọ́, tó ń fi àwọ̀ ya àṣẹ sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ lásán, tí mo sì fò lọ sí ìsàlẹ̀, gbogbo rẹ̀ á di àwọ̀ kan ṣoṣo. Ẹnìkan ní kí n fi àmì ' kan sí abẹ́ EOF. Àwọ̀ dára lóòótọ́, àmọ́ lẹ́tà ń lọ, àkọsílẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ṣé kí n yọ bash kúrò kí n tún un fi sí i ni?

Ìdáhùn: Ẹ má yọ bash. Àmì ' yẹn ni kẹ́ ẹ yọ, kílẹ̀ tó ṣú. Ẹni tó gbà yín nímọ̀ràn yẹn, ẹ má jẹ́ kó sún mọ́ server yín mọ́.

Ó ti sú mi láti máa gbọ́ pé bash ló ń kun àwọ̀. Bash kò mọ nǹkan kan nípa àwọ̀, Vim náà kò sì bi bash léèrè kó tó kùn ún. Fáìlì òfin kan tó ń jẹ́ sh.vim ló ń tẹ̀ lé, ojú ló sì fi ń díwọ̀n. Tí ẹ bá fò lọ sí ìsàlẹ̀, kì í padà lọ kà á láti òkè. Nǹkan bí 200 ìlà ló ń padà sẹ́yìn. Lẹ́tà yín sì jẹ́ 300. Àárín lẹ́tà ló bọ́ sí, kò rí <<EOF, ó wá rò pé àṣẹ bash ni "we don't" tí ẹ kọ sí oníbàárà. Lójú tirẹ̀, àmì ' inú "don't" ti ṣí nǹkan kan sílẹ̀, ó sì ń wá èyí tó máa pa á dé. Ẹni tó bá ìjà láàárín, kò lè mọ ẹni tó kọ́kọ́ gbá èkejì létí.

Bash ní tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìlà kìíní, kò sì ka àmì ' inú lẹ́tà sí. Èyí tí ẹ wá fi sábẹ́ EOF, ẹ fi pa á dé fún Vim, ẹ fi ṣí i fún bash. Bó sì ṣe ń kà ló ń ṣe, ìyẹn ni lẹ́tà fi lọ kó tó kọsẹ̀. Ó dá mi lójú pé bash kọ "unexpected EOF" fún yín. EOF yẹn kì í ṣe tiyín o. "End of file" ni: bash ní fáìlì ti tán, òun kò sì rí àmì ' tó máa pa á dé.

Ẹ tẹ :syntax sync fromstart nínú Vim, kó lè kà á láti òkè. Tí ẹ bá fẹ́ kó dúró bẹ́ẹ̀, ẹ fi let sh_minlines=500 sínú .vimrc, fáìlì ìtò Vim yín, kó lè máa padà sẹ́yìn tó 500 ìlà.

Bash ni kẹ́ ẹ bi, ẹ má bi àwọ̀: bash -n, kí orúkọ script tẹ̀ lé e. Kò ní ṣe iṣẹ́ kankan, á kàn kà á. Àmọ́ tí ẹ bá ṣi orúkọ àṣẹ kọ, kò ní sọ fún yín. N kò rí fáìlì yín o. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án, kẹ́ ẹ sì fi àdírẹ́sì tiyín dán an wò, kì í ṣe ti oníbàárà.