Ẹ Bi Nọ́ọ̀sì: Ihò Tó Wà Lọ́kàn Ọmọ Mi, Ṣé Ẹ̀jẹ̀ Ń Jò Síkùn Ẹ̀ Ni?

Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí Nọ́ọ̀sì. Ọmọ mi ọkùnrin pé oṣù 4 báyìí. Tó bá ń mu ọmú, òógùn á bo iwájú orí ẹ̀, á fi ọmú sílẹ̀, á mí hẹlẹhẹlẹ kó tó tún bẹ̀rẹ̀. Dókítà gbọ́ ariwo kan láyà ẹ̀, wọ́n wá ṣe ẹ́kò, àyẹ̀wò tó ń fi inú ọkàn hàn, fún un, wọ́n ní ihò wà lára ògiri tó wà láàárín yàrá ìsàlẹ̀ méjèèjì nínú ọkàn ẹ̀, wọ́n fún wa ní ọjọ́ tá a máa padà wá. Ìyá ọkọ mi ní ẹ̀jẹ̀ á máa jò síkùn ọmọ nìyẹn. Ṣé òótọ́ ni? Mi ò rí oorun sùn mọ́. — Ìyá Àkànjí, Ìbàdàn

Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá wa. Ọlọ́run á wo ọmọ náà sàn. Ẹ bá mi sọ fún màmá pé rárá o, ẹ̀jẹ̀ kankan ò jò síkùn, torí ihò yẹn ò já síta rárá, àárín apá ọ̀tún àti apá òsì ọkàn ló wà. Ibi tí wàhálà ti ń wá yàtọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà fún yín kẹ́ ẹ lè rí i.

Yàrá mẹ́rin ló wà nínú ọkàn, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀, ògiri kan wá pín in sí ọ̀tún àti òsì, ó yẹ kí ẹ̀jẹ̀ ọ̀tún má bá ti òsì pàdé níbẹ̀ rárá. Ẹ̀jẹ̀ tó ti pín ọ́síjìn fún ara tán, iṣan ńlá méjì ló ń kó o bọ̀, ọ̀kan láti orí àti apá, èkejì láti ìsàlẹ̀ ara, yàrá òkè lọ́wọ́ ọ̀tún ló ń bọ́ sí, ó gba ibẹ̀ bọ́ sí yàrá ìsàlẹ̀, yàrá ìsàlẹ̀ yẹn á súnkì, á tì í lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ̀dọ̀fóró ló ti ń gba ọ́síjìn tuntun, á wá pọ́n dáadáa, iṣan mẹ́rin á kó o wá sí yàrá òkè lọ́wọ́ òsì, á bọ́ sí yàrá ìsàlẹ̀ òsì, ìyẹn ló wá ń fi agbára tì í jáde sínú iṣan tó tóbi jù lára, tí wọ́n ń pè ní aọ́tà, tó ń pín in káàkiri. Fáàfù mẹ́rin ló ń ṣọ́ ọ̀nà yìí, bí èyí tí àwọn tó ń gbẹ́ bọ́họ̀ọ̀lù máa ń fi sí páìpù kí omi tó ti gòkè má baà padà. Ìgbà tí àwọn fáàfù yìí bá ń pa dé là ń gbọ́ tí ọkàn ń ṣe kì-kì, kì-kì.

Ó dáa. Ẹ̀dọ̀fóró tó wà nítòsí ni ọ̀tún ń rán ẹ̀jẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n òsì ní láti rán tiẹ̀ dé orí, dé ọmọ ìka ẹsẹ̀, nítorí náà agbára òsì ju ti ọ̀tún lọ fíìfíì. Tí ihò bá wà lára ògiri, ẹ̀jẹ̀ tó ti gba ọ́síjìn tán á tún máa gba ibẹ̀ ya láti òsì bọ́ sí ọ̀tún, á tún padà lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ̀jẹ̀ wá pọ̀ jù ní ẹ̀dọ̀fóró, ọkàn ń ṣiṣẹ́ àṣekún. Òógùn tẹ́ ẹ̀ ń rí níwájú orí ẹ̀ nìyẹn, torí ọmú mímu, iṣẹ́ ńlá ni fún ọmọ ìkókó. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ lè má fi nǹkan kan hàn o, torí iṣan ẹ̀dọ̀fóró ọmọ tuntun ṣì fún, kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ráyè ya lọ síbẹ̀ púpọ̀, tó bá wá ń dẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni àmì máa ń yọ.

Ẹ má jẹ́ kí ariwo tí dókítà gbọ́ bà yín lẹ́rù jù, ihò kékeré máa ń pariwo ju ńlá lọ nígbà míì. Púpọ̀ nínú àwọn kékeré máa ń dí fúnra wọn bí ọmọ ṣe ń dàgbà. Ńlá ló ń fẹ́ oògùn, tàbí iṣẹ́ abẹ, ẹni tí wọ́n bá sì fi tiẹ̀ sílẹ̀ fún ọdún pípẹ́, iṣan ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ lè le gbagidi, ẹ̀jẹ̀ á wá máa gba ihò náà láti ọ̀tún sí òsì, ètè àti èékánná á máa dúdú. Torí òógùn àti mímí yẹn, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n fún yín, ẹ padà lọ lọ́sẹ̀ yìí, ẹ sọ ọ́ bẹ́ ẹ ṣe sọ ọ́ fún mi yìí, kí wọ́n tún wọn ọmọ lórí ìwọ̀n. Tí kò bá jẹun mọ́, tàbí tí ètè ẹ̀ dúdú, ọsibítù lójú ẹsẹ̀ ni o.

Nọ́ọ̀sì, ìwé sáyẹ́ǹsì wa fi búlúù kun ẹ̀jẹ̀ tó ń padà sí ọkàn. Ṣé búlúù ni lóòótọ́? — Akẹ́kọ̀ọ́ SS2, Òṣogbo

Rárá, àbúrò. Pupa ni, ó kàn dúdú ju èyí tó ti gba ọ́síjìn lọ ni, wọ́n fi búlúù kùn ún kẹ́ ẹ lè mọ ìyàtọ̀. Inú mi dùn pé o béèrè, torí ọ̀rọ̀ ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ yìí da àwọn àgbà láàmú pẹ́. Galen tó jẹ́ dókítà láyé àwọn ará Róòmù sọ pé ihò wẹ́wẹ́ wà lára ògiri àárín ọkàn tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá, wọ́n sì gbà á gbọ́ fún ohun tó ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ. Ibn al-Nafis, dókítà tó ṣiṣẹ́ ní Cairo, tó kú ní 1288, ló kọ ọ́ pé kò sí ihò kankan níbẹ̀, pé ẹ̀dọ̀fóró ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà. Ní 1628 ni William Harvey, dókítà kan ní England, wá fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ kan náà ló ń yí po. Nínú àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́, ọkàn ń tì tó nǹkan bíi lítà 5 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gbogbo ẹ̀jẹ̀ ara.

Wọ́n ya ẹ̀síréè fún mi, wọ́n ní ọkàn mi tóbi. Ṣé kì í ṣe agbára nìyẹn? Mo ní bípí ṣùgbọ́n nǹkan kan ò ṣe mí, mo ti pa oògùn tì. — Bàbá, ẹni ọdún 61, Abẹ́òkúta

Bàbá wa, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe agbára. Tí bípí bá ga, yàrá ìsàlẹ̀ òsì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ní láti fi tipátipá ti ẹ̀jẹ̀ jáde, ẹran ara ẹ̀ á nípọn, á le, tó bá yá á rẹ̀ ẹ́, á fẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ á wá máa dúró sẹ́yìn ní ẹ̀dọ̀fóró, ìyẹn ló ń jẹ́ kí ẹlòmíì máa fi ìrọ̀rí mẹ́ta sùn, tí kókósẹ̀ á máa wú lálẹ́. Bípí kì í sábà ro èèyàn lára, ìdí nìyẹn tí "nǹkan kan ò ṣe mí" ò fi lè jẹ́ ẹ̀rí. Ẹ kó oògùn tó ṣẹ́kù nílé lọ bá dókítà, ẹ má kàn gbé e mì padà fúnra yín torí wọ́n lè fẹ́ yí i, kẹ́ ẹ sì béèrè fún ẹ́kò, ẹ̀síréè kàn ń fi bí ọkàn ṣe tóbi tó láti ìta hàn ni, ẹ́kò ló máa sọ bí ẹran ara ẹ̀ ṣe nípọn tó àti bó ṣe ń ti ẹ̀jẹ̀ sí. Tí èémí bá jí yín lóru, ẹ má dúró kílẹ̀ mọ́.