Ṣé dandan ni ìṣirò fún ẹni tó fẹ́ mọ póká (tẹ́tẹ́ oníkáàdì) ta?
Ẹ kú ìbéèrè o. Kò di dandan kí ẹ kọ́ ìṣirò gíga kí ẹ tó lè mọ póká ta dáadáa. Ìsọdipúpọ̀ àti pínpín ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti tó, bí ẹ bá lè ṣe é lórí láìlo bírò.

Nínú Texas Hold'em, tó jẹ́ irú póká kan, ká ní ó ku káàdì kan tí wọn yóò ṣí, tí ẹ sì ń retí káàdì karùn-ún tó ní àmì kan náà. Nínú 46 tí ẹ kò tíì rí, 9 péré ló wúlò fún yín, ìyẹn bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún.

Bí 100 dọ́là bá wà nílẹ̀, tí ẹnìkejì sì fi 50 lé e, ẹ ó san 50 nínú àpapọ̀ 200, nítorí náà ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ni àǹfààní tí ẹ nílò, ìdá 20 yín kò sì tó o. Ẹ ju káàdì sílẹ̀, àfi bí ó bá dá yín lójú pé ẹnìkejì yóò tún san púpọ̀ lẹ́yìn náà bí káàdì yín bá bọ́ sí i. Wíwo ojú ènìyàn ni ẹ ó fi mọ ìyẹn, kì í ṣe ìṣirò.