Ìyá Ìkókó, ẹkún yẹn kì í ṣe àìmoore

Ọmọ mi, ìyá ìkókó ní Ìbàdàn, o kú ewu ọmọ. O ní ọmọ ti pé ọ̀sẹ̀ 8, pé Èkó ni ọkọ rẹ ti ń ṣiṣẹ́, òpin ọ̀sẹ̀ ló ń wálé, ìyá ọkọ rẹ ló wà lọ́dọ̀ rẹ. Bí Màmá bá ti tẹ́ ọmọ sórí ẹsẹ̀ pé àwọn fẹ́ wẹ̀ ẹ́, ìwọ a sá wọ ilé ìwẹ̀, wàá ṣí ẹ̀rọ omi sílẹ̀ kí wọ́n má baà gbọ́ ẹkún rẹ. Ò ń wo ọmọ náà bí ẹni ń wo ọmọ aládùúgbò. Màmá ní kí o rántí àwọn tó ń wojú Ọlọ́run fún ọmọ. O wá bi mí: ṣé kí o sọ fún ọkọ rẹ, àbí wọn yóò pè ọ́ ní abísínwín?

Sọ fún un. Lónìí ni, má dúró de òpin ọ̀sẹ̀.

Ohun tí o kọ sí mi kò jọ abísínwín. Ìyẹn a sáábà máa bẹ̀rẹ̀ lójijì láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹni náà a máa gbọ́ ohùn tí ẹlòmíì kò gbọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ a dàrú. Kì í sì í ṣe ẹkún ọjọ́ mélòó kan. Bí ibi bá ti jáde, àwọn họ́mónù inú ara a já wálẹ̀, ọ̀pọ̀ abiyamọ a sì máa sunkún láìnídìí. Mo sun tèmi lórí àkọ́bí mi. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ó ti lọ. Tìrẹ kò lọ. Ó jọ ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lẹ́yìn ìbímọ, àìsàn gidi ni, ó sì ní ìtọ́jú.

Lọ síbi tí ẹ ti ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, má dúró de ti ọ̀sẹ̀ 10. Sọ fún nọ́ọ̀sì bí o ṣe sọ fún mi. Wọ́n lè bi ọ́ ní ìbéèrè 10 kan tí wọ́n gbé jáde ní Scotland lọ́dún 1987, bó ti ń ṣe ọ́ láti ọjọ́ méje sẹ́yìn ni wọ́n ń bèèrè. Jọ̀wọ́, má fi ẹ̀rín bò ó. Bí dókítà bá fẹ́ fún ọ lóògùn, jẹ́ kó mọ̀ pé ò ń fún ọmọ lọ́mú; oògùn wà tí o lè lò láì já ọmọ lẹ́nu ọmú. Ṣùgbọ́n bí ọkàn rẹ bá ń sọ pé kí o pa ara rẹ tàbí kí o ṣe ọmọ léṣe, gbé ọmọ fún Màmá, kí wọ́n sì mú ọ lọ sílé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ìbáà jẹ́ òru.

Màmá kò burú. Ẹni tó ń jí ní ìdájí gbé omi kaná nítorí ọmọ ẹni kì í ṣe ọ̀tá. Ìtọ́jú ọmọ ni wọ́n mọ̀ pé àwọn wá ṣe, kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé ìyá ọmọ ń ṣàìsàn. Ọkọ rẹ ni kó bá wọn sọ ọ́, pé bí ọmọ bá ti mu ọmú alẹ́ tán, kí wọ́n gbà á, kí o lè sun wákàtí mẹ́rin gbáko. Kí òun náà tọrọ ààyè níbi iṣẹ́, kó wálé. Owó tó ń fi ránṣẹ́ dára, ṣùgbọ́n òun gan-an lo nílò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ.

Bí ẹnu rẹ kò bá gbà á láti sọ, fi lẹ́tà tí o kọ sí mi ránṣẹ́ sí i bó ṣe wà.