Ta ni Alex Xydias, kí ló dé táwọn tó fẹ́ràn ọkọ̀ eré ìje fi ṣèdárò rẹ̀?

Ọmọ Los Angeles ni, wọ́n bí i ní 1922. Bó ṣe kúrò nínú iṣẹ́ ológun ní 1946 ló ṣí So-Cal Speed Shop, ṣọ́ọ̀bù tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ fáwọn tó ń tún ògbólógbòó ọkọ̀ ṣe kó lè sáré àsápajúdé. Hot rod ni wọ́n ń pe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Èyí tó wú mi lórí jù ni táǹkì epo ọkọ̀ òfuurufú ogun P-38 tó ki ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ilẹ̀ sí nínú, tó sì sọ di ọkọ̀ eré ìje. Táǹkì lásán o! Ní 1950, ọkọ̀ mìíràn tóun àti Dean Batchelor jọ ṣe sáré ju 200 máìlì ní wákàtí kan lọ ní Bonneville, lórí ilẹ̀ iyọ̀ Utah. Ẹni ọdún 102 ni nígbà tó kú ní 2024.