Ọmọ mi gbọ́ òyìnbó, àmọ́ kò gbọ́ òyìnbó káràkátà

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin òbí tá a jọ wà nílùú òyìnbó, ẹ gbà mí níyànjú. Ọmọkùnrin mi ti pé ọdún 17, ibí ni mo bí i sí, òyìnbó ló ń sọ látàárọ̀ dalẹ́. Ó ti ń bá àwọn èèyàn ṣe wẹ́bùsáìtì, wọ́n sì ń sanwó fún un. Ẹnì kan wá ní kó fi quote ránṣẹ́, ló bá kọ iye tó kàn wá sí i lọ́kàn, ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ló rí i pé iṣẹ́ ọ̀hún pọ̀ ju bó ṣe rò lọ, ẹni yẹn sì ní òun ò ní san ju iye tó kọ. Inú ń bí i, ó ní wọ́n rẹ́ òun jẹ. Èmi tí mo ti ń tajà láti kékeré mo mọ ibi tó ti ṣìṣe, àmọ́ Yorùbá ni gbogbo ẹ̀ fi wà nínú mi, mi ò mọ bí màá ṣe gbé e kalẹ̀ fún un. Ṣé kí n fi í sílẹ̀ kí ayé kọ́ ọ ni?

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o. Rárá o, ẹ má fi í sílẹ̀ fáyé, ẹ̀yin gan-an lẹ máa kọ́ ọ, torí ẹ ti mọ òwò, orúkọ tí òyìnbó ń pè é ló kù. Quote tí wọ́n kọ́ ọ ní sùkúù ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n fà yọ látẹnu ẹlòmíì, kò sẹ́ni tó sọ fún un pé lẹ́nu oníṣòwò, iye tẹ́ ẹ dá lé iṣẹ́ ni, tí ẹni yẹn bá sì ti gbà á, ó parí nìyẹn, kò ṣeé fi kún mọ́ láìjẹ́ pé ẹ jọ tún ọ̀rọ̀ sọ. Èyí tó yẹ kó fi ránṣẹ́ ni estimate, ìyẹn ni pé ó máa tó báyìí, ó ṣì lè lọ sókè. Ẹ bi í léèrè ní Yorùbá, kí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín "iye ẹ̀ nìyí" àti "á máa tó báyìí"? Tíyẹn bá ti yé e, kẹ́ ẹ wá gbé orúkọ òyìnbó ẹ̀ kọ́ ọ lọ́rùn.

Bí mo ṣe ṣe fọ́mọ tèmi náà nìyẹn, torí òun náà ti fi receipt ránṣẹ́ sẹ́ni tí ò tíì san ohunkóhun, ẹni yẹn wá ní ìwé tó fọwọ́ ara ẹ̀ kọ sọ pé òun ti sanwó, ó dun ọmọ yẹn gan-an. Invoice la fi ń béèrè owó, receipt la fi ń jẹ́rìí pé owó ti wọlé. Deposit ni àsansílẹ̀, àmọ́ kó kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá owó yẹn á padà tí iṣẹ́ bá dojú dé. Tó bá rí net 30 nínú ìwé, àwìn ni, wọ́n fẹ́ san án láàárín 30 ọjọ́ lẹ́yìn invoice. Kó má sì ka gbogbo owó tó wọlé sí èrè.

Ibi tẹ́ ẹ ti máa ṣọ́ra jù ni ọjà nínná, torí ibẹ̀ ni ìmọ̀ tiwa lè kó wa sí wàhálà. Lọ́dọ̀ tiwa, tí mo bá pe ọjà, tẹ́ ẹ dín in, tí mi ò gbà, ẹ lè rìn díẹ̀ kẹ́ ẹ padà wá ní ó yá, ẹ gba iye tẹ́ ẹ kọ́kọ́ pè yẹn, màá sì di ọjà fún yín. Lábẹ́ òfin Ìlú Ọba kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1840 ẹnì kan ní òun máa ta oko òun ní 1,000 pọ́ùn, oníbàárà ní òun á san 950, olóko kọ̀, oníbàárà wá padà ní òun ti gba 1,000 yẹn, adájọ́ sì ní kò sí àdéhùn kankan láàárín wọn mọ́, torí iye tuntun tó pè ti pa èyí àkọ́kọ́ rẹ́. Counter-offer nìyẹn. Àmọ́ téèyàn bá kàn béèrè ìbéèrè, bíi pé ṣé ẹ lè jẹ́ kí n san án díẹ̀díẹ̀, ìyẹn ò pa nǹkan kan rẹ́. Nítorí náà kó kọ́kọ́ máa béèrè kó tó dárúkọ iye tiẹ̀.

Àwọn ọ̀rọ̀ dídùn náà ńkọ́. "Sounds good" kì í ṣe pé wọ́n ti gbà o, "I'll get back to you" náà ò ṣèlérí nǹkan kan, tí wọ́n bá sì kọ subject to contract sórí ìwé, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kò tíì de ẹnikẹ́ni títí dìgbà tí wọ́n bá buwọ́ lùwé. Ọmọ mi ti jókòó ti iṣẹ́ tẹ́nikẹ́ni ò tíì gbé fún un rí nítorí sounds good yìí.

Ọ̀rọ̀ náà deal gan-an, ìyẹn àdéhùn òwò, inú pínpín ló ti wá, wọ́n ṣì ń lò ó fún káàdì pínpín dòní. Mo fẹ́ràn ìyẹn púpọ̀, torí ìbéèrè tí mo máa ń bi ọmọ mi nìyẹn tó bá ń yọ̀ pé òun ti rí deal: ìpín tìẹ dà, ìpín tiwọn dà?

Èyí tó wà nílẹ̀ yìí, ẹ jẹ́ kó parí ẹ̀ ní iye tó kọ, ọwọ́ ara ẹ̀ ló fi kọ ọ́. Àmọ́ kó kọ̀wé sẹ́ni yẹn lónìí, kó to ohun tí iye yẹn kó mọ́ra lẹ́sẹẹsẹ, kó ní ohunkóhun tí wọ́n bá fi kún un látòní lọ, owó ẹ̀ lọ́tọ̀, kí wọ́n sì dáhùn kó tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà.