Orúkọ Ta Ni Yóò Wà Lára Ògiri? Bí A Ṣe Ń Bẹ̀rẹ̀ Iṣẹ́ Ibi Ìrántí Àwọn Ọmọ Ogun Tó Kú

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n fi mí sínú ìgbìmọ̀ tí yóò gba ìjọba orílẹ̀-èdè wa nímọ̀ràn lórí kíkọ́ ibi ìrántí kan ṣoṣo fún gbogbo ọmọ ogun wa tó bá ogun lọ. Láti ìgbà tí a ti ń ṣèpàdé, ọ̀rọ̀ ère la ń sọ. Àwọn kan fẹ́ sójà tó gbé ìbọn dání, àwọn kan ní iná tí kì í kú ló yẹ, àwọn mìíràn ń jà lórí ilẹ̀ tí a ó kọ́ ọ sí. Àwọn ẹbí olóògbé ní tiwọn ń bi wá bóyá orúkọ èèyàn àwọn yóò wà níbẹ̀, a ò sì mọ èsì tí a ó fún wọn. Níbo gan-an ló yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀? Kí la sì lè ṣe kí iṣẹ́ náà má di ohun tí àwọn ẹlòmíràn yóò máa tún ṣe lẹ́yìn wa?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé. Àwọn ẹbí tó ń bi yín léèrè yẹn ti fi ibi tó yẹ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ hàn yín. Ayàwòrán-ilé ni mí, àwòrán ni mo fi ń jẹun, síbẹ̀ mo máa ń sọ fún ìgbìmọ̀ tó bá pè mí pé àwòrán ló yẹ kó gbẹ̀yìn. Ohun tó yẹ kó ṣáájú ni ìwé kan tó sọ ní pàtó ẹni tí à ń rántí. Bí orúkọ bá jẹ́ 3,000, ògiri kan lè gbà á. Bó bá jẹ́ 60,000, iṣẹ́ mìíràn pátápátá ni, ilẹ̀ mìíràn ló sì ń fẹ́. Ẹni tó bá yan ère àti ilẹ̀ kó tó mọ iye orúkọ, yóò tún un yàn.

"Àwọn tó kú fún orílẹ̀-èdè" dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n kò tó fún ẹni tí yóò fín orúkọ sára òkúta. Láti ogun wo ni kíkà yóò ti bẹ̀rẹ̀? Ẹni tí ọta ìbọn pa lójú ogun kò mú iyàn wá. Ẹni tí ọkọ̀ dojú dé nígbà ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ńkọ́? Ẹni tí ibà pa ní bùdó? Ẹni tó gbé ọgbẹ́ délé, tó sì kú lẹ́yìn ọdún méje? Ẹni tó gba ẹ̀mí ara rẹ̀ nítorí ohun tí ojú rẹ̀ rí lọ́hùn-ún? Awakọ̀, alásè, nọ́ọ̀sì, àti àwọn tó ń ru ẹrù ọmọ ogun? Bí ogun abẹ́lé bá sì wà nínú ìtàn yín, àwọn tó jà ní ìhà kejì ńkọ́?

Bí orílẹ̀-èdè kan ṣe dáhùn kọ́ ni òmíràn ṣe dáhùn. Ibi ìrántí àwọn ológun tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣí ní Staffordshire lọ́dún 2007 gba gbogbo ẹni tó kú lẹ́nu iṣẹ́ láti ìparí Ogun Àgbáyé Kejì, títí kan ẹni tó kú níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti ẹni tí àwọn apániláyà pa. Òfin ògiri àwọn tó kú nínú ogun Vietnam, tó wà ní Washington ní Amẹ́ríkà, le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó gbọgbẹ́ lójú ogun tí ọgbẹ́ náà sì wá pa á lẹ́yìn náà lè wọlé, ṣùgbọ́n ẹni tí àìsàn láti inú kẹ́míkà tí wọ́n fọ́n nígbà ogun pa kò lè wọlé. Lọ́dún 2004 ni wọ́n tó gbé òkúta kékeré kan kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún irú wọn, láìsí orúkọ kankan lára rẹ̀. Lójú tèmi, òfin yẹn kò láàánú tó. Síbẹ̀ ó ṣe kedere, òfin tó ṣe kedere sì sàn ju òfin aláàánú tí ẹbí kọ̀ọ̀kan lè túmọ̀ bó ṣe wù ú.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ru ẹrù yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ dúró lé lórí dáadáa. Lọ́dún 1917 ni wọ́n dá àjọ tó ń tọ́jú ibojì àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti àwọn ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ìlànà rẹ̀ sì ni pé kí a dárúkọ olúkúlùkù òkú, láìka ipò, ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn sí. Ìlànà tó dára ni. Ṣùgbọ́n ìwádìí tí àjọ náà fúnra rẹ̀ gbé jáde lọ́dún 2021 fi hàn pé nínú àwọn ọmọ Áfíríkà àti Éṣíà tó kú nínú Ogun Àgbáyé Kìíní, nǹkan bí 45,000 sí 54,000 ni wọn kò bọlá fún bíi ti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, àti pé ó kéré tán 116,000 mìíràn, bóyá kó tó 350,000, ni wọn kò dárúkọ rárá. Ní oṣù kìíní ọdún 2025 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ibi ìrántí kan ní Cape Town fún àwọn ọmọ Gúúsù Áfíríkà tó lé ní 1,700, aláwọ̀ dúdú lọ́pọ̀lọpọ̀, tí wọ́n ṣiṣẹ́ ẹrù nínú ogun náà láìgbé ìbọn. Òpó igi ìrókò ni wọ́n kọ orúkọ kọ̀ọ̀kan sí. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kí orúkọ wọn tó rí ibi dúró sí.

Bí òfin bá ti wà, ẹ wá kó orúkọ jọ, ẹ má sì gbára lé ìwé ọ́fíìsì kan ṣoṣo. Ẹ fi ìwé ológun wé ìwé owó ìfẹ̀yìntì, ìwé ilé ìwòsàn àti ti itẹ́ òkú. Lọ́dún 2022 ni Amẹ́ríkà ṣí ògiri orúkọ fún àwọn tó kú nínú ogun Kòríà, ó lé ní 36,000 ọmọ Amẹ́ríkà, pẹ̀lú àwọn ọmọ Kòríà tó lé ní 7,000 tí wọ́n jà láàrin wọn. Kò pẹ́ tí àwọn olùwádìí fi ké gbàjarè pé orúkọ tí wọ́n kọ lódì lé ní 1,000, pé ọ̀pọ̀ ẹni tó yẹ kó wà níbẹ̀ kò sì sí níbẹ̀. Ìwé ìjọba ni wọ́n dà kọ bó ṣe wà. Lára ògiri Vietnam pàápàá, orúkọ àwọn kan tí wọ́n ṣì wà láàyè bọ́ sí àárín òkú nítorí àṣìṣe akọ̀wé.

Ẹ gbé orúkọ náà síta kí òkúta kankan tó dé: lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ní bárékè, ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, lórí rédíò. Ọdún kan kò pọ̀jù. Kí ẹnì kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa dá àwọn ẹbí lóhùn lọ. Bí ẹbí bá ṣe ń kọ orúkọ wọn, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ kọ ọ́, kì í ṣe bí akọ̀wé bárékè ṣe gbọ́ ọ. Bí èdè yín bá sì ní àmì lórí lẹ́tà tàbí lábẹ́ rẹ̀, ẹ tètè béèrè lọ́wọ́ ẹni tí yóò fín òkúta bóyá ẹ̀rọ rẹ̀ lè fín in. Ọ̀pọ̀ wọn yóò sọ pé kò ṣe é ṣe. Ó ṣe é ṣe, owó rẹ̀ ló kàn ń pọ̀ sí i.

Báwo ni a ó ṣe to orúkọ? Ìgbìmọ̀ sábà máa ń sọ pé a-b-d ló rọrùn jù. Ó rọrùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n níbi tí ọ̀pọ̀ bá ti ń jẹ́ orúkọ kan náà, ògiri á kàn dà bí ìwé nọ́ńbà tẹlifóònù. Maya Lin, tó ya ògiri Vietnam nígbà tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún 21, to orúkọ tó lé ní 58,000 bí ikú wọn ṣe tẹ̀ léra, láti 1959 dé 1975. Àwọn tó kú pọ̀ lọ́jọ́ kan náà wà pọ̀ síbẹ̀. Kò sí ipò ológun lára rẹ̀, ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ dọ́gba. Ìwé atọ́ka ni ẹbí fi ń wá ẹni wọn. Ọ̀nà yìí ni mo fara mọ́, àyàfi bí ọjọ́ ikú ọ̀pọ̀ wọn kò bá sí nínú àkọsílẹ̀ yín. Nígbà náà, ẹ tò ó bí ẹgbẹ́ ọmọ ogun ṣe wà.

Àwọn èèyàn yóò fẹ́ fọwọ́ kan orúkọ náà, wọ́n yóò fẹ́ fi bébà lé e, kí wọ́n sì fi pẹ́ńsù ha á kí orúkọ náà lè hàn sára bébà. Òkè ògiri Vietnam ga tó mítà mẹ́ta níbi kan, àkàbà ni wọ́n ń gùn kí wọ́n tó lè bá ẹbí gba àwọn orúkọ tó wà lókè. Bí ilẹ̀ bá gbà yín láyè, ẹ jẹ́ kí ògiri gùn dípò kó ga.

Ẹ fi àyè sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́ Menin Gate, ẹnu ọ̀nà ìrántí àwọn tó kú nínú Ogun Àgbáyé Kìíní tí a kò mọ ibojì wọn, ní Ypres, ní Bẹ́ljíọ̀mù, tí wọ́n ṣí i lọ́dún 1927, orúkọ bí 54,000 ló gbà. Ògiri ti kún nígbà tó ṣì ku ọ̀pọ̀. Àwọn tó kú lẹ́yìn àárín oṣù kẹjọ 1917, tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 35,000, ni wọ́n wá lọ kọ sí itẹ́ òkú Tyne Cot. Ogun tó ti parí pátápátá nìyẹn o! Àwọn tó kọ́ ti Staffordshire fi àyè orúkọ bí 15,000 sílẹ̀ lófìfo. Àwọn olóṣèlú kì í fẹ́ràn òkúta òfìfo lọ́jọ́ ìṣíde, wọ́n ní ó dà bíi pé à ń retí ikú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bínú. Ẹ sì ra òkúta tí ẹ ó fi ṣe àfikún láti ibi ìwakùsà kan náà ní ẹ̀ẹ̀kan, torí àwọ̀ òkúta a máa yí láti ọdún dé ọdún.

Ní ti àwòrán, ẹ ṣe ìdíje ní gbangba, kí àwọn adájọ́ má mọ ẹni tó ni iṣẹ́. Fún ti Vietnam, iṣẹ́ 1,421 ló wọlé, nọ́ńbà nìkan ló wà lára wọn. Wọ́n ti sọ tẹ́lẹ̀ pé orúkọ gbogbo òkú gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, pé kó bá agbègbè rẹ̀ mu, pé kó mú èèyàn ronú, pé kò sì gbọdọ̀ sọ ọ̀rọ̀ òṣèlú nípa ogun náà. Síbẹ̀ ìjà ṣẹlẹ̀. Àwọn kan ní òkúta dúdú náà jẹ́ ìtìjú, wọ́n sì wá fi ère sójà mẹ́ta kún un lọ́dún 1984. Torí náà, àwọn tó fẹ́ ère nínú ìgbìmọ̀ yín kò ṣe àìdáa, àsìkò wọn ni kò tíì tó.

Ilẹ̀: ibi tí bọ́ọ̀sì ń dé, tí kò sí nínú bárékè, tí opó kan lè wọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun láìgba àṣẹ. Bí iyàn bá pọ̀ jù, ẹ fi pákó ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kẹ́ ẹ gbé e síbẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Cenotaph, ibi ìrántí àwọn tó kú sógun ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, igi àti pílásítà ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe é fún ayẹyẹ àlàáfíà ní 1919. Bí àwọn èèyàn ṣe ń kó òdòdó lọ síbẹ̀ ló jẹ́ kí wọ́n fi òkúta ṣe é lọ́dún kejì.

Iná tí kì í kú ńkọ́? Gáàsì, ẹ̀ṣọ́ àti owó àtúnṣe ló ń jẹ lójoojúmọ́. Àfi bí owó ìtọ́jú rẹ̀ bá wà nínú òfin, ẹ má tàn án, nítorí iná tó kú níwájú orúkọ wọn burú ju àìsí iná lọ. Ibojì ọmọ ogun tí a kò mọ̀ náà ti di ọ̀rọ̀ mìíràn láyé àyẹ̀wò DNA, tí a fi ń mọ ẹni tí òkú jẹ́: lọ́dún 1998 ni wọ́n hú ẹni tó dúró fún ogun Vietnam ní Arlington, itẹ́ òkú àwọn ológun Amẹ́ríkà, wọ́n dá a mọ̀, wọ́n sì gbé e lọ fún ẹbí rẹ̀. Àyè rẹ̀ ṣófo títí di òní.

Kí ìgbìmọ̀ tó túká, kí òfin sọ ẹni tó láṣẹ láti fi orúkọ kún ògiri, àti ìgbà tí yóò máa ṣe é. Ìpàdé tó ń bọ̀, ẹ yọ ère kúrò nínú ohun tí ẹ ó jíròrò, kí olúkúlùkù mú ìdáhùn rẹ̀ sí àwọn ìbéèrè òkè yẹn wá ní kíkọ. Ní ti àwọn ẹbí, ẹ má ṣèlérí pé orúkọ yóò wọlé. Ẹ sọ ọjọ́ tí òfin náà yóò jáde fún wọn, ṣùgbọ́n ẹ gba orúkọ olóògbé ní kíkún, nọ́ńbà iṣẹ́ ológun rẹ̀ àti ọjọ́ ikú rẹ̀ lọ́wọ́ wọn láti ìsinsìnyí. Ẹ ya fọ́tò ìwé tí wọ́n bá mú wá, ẹ dá ìwé náà padà fún wọn, kẹ́ ẹ sì fún wọn ní rìsíìtì.