Kí ni «amateur» túmọ̀ sí nínú ìdíje eré sísá ayé Ọbabìnrin Victoria?

Ìbéèrè yín ni pé kí ló dé tí wọ́n fi pe ìdíje eré sísá tí ẹgbẹ́ AAA (Amateur Athletic Association) dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1880 ní ìdíje àwọn «amateur», nígbà tó jẹ́ pé àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ehoro ló ń sá a. Mo gbọ́ ọ létí ara mi lórí rédíò tí olóòtú kan ń ṣàlàyé pé ọ̀gbẹ̀rì ni ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ eré. Ó bí mi nínú. Àwa tí a ń sọ̀rọ̀ fún gbogbo ìlú kì í wádìí mọ́ kí a tó lanu.

Inú èdè Látìnì ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, olùfẹ́ ló sì túmọ̀ sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣòfin. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní eré sísá ni mo ti ń sọ ọ́ pé ipò ènìyàn láwùjọ ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ yìí wọ̀n, kì í ṣe agbára ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹgbẹ́ AAC (Amateur Athletic Club), tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1866, ló ṣáájú AAA, òfin rẹ̀ sì lé mẹkáníìkì, oníṣẹ́ ọwọ́ àti alágbàṣe kúrò lójú ìlà, bí wọn kò tilẹ̀ gba kọ́bọ̀ rí nídìí eré. Ẹni tó bá ti fi kíkọ́ni ní eré jẹun rí kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀ pẹ̀lú. Èmi gan-an ì bá ti padà sílé. Lọ́dọ̀ tiwa, iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́. Lọ́dọ̀ tiwọn, iṣẹ́ ọwọ́ ni àbùkù.

Ní oṣù kẹrin 1880, Jackson, Wise àti Shearman, àwọn ará Yunifásítì Oxford, pe ìpàdé sí Hòtẹ́ẹ̀lì Randolph, níbi tí wọ́n ti dá AAA sílẹ̀. Wọ́n fa ìlà mẹkáníìkì yẹn yọ, ọ̀rọ̀ owó ló wá kù: o lè gba ife ẹ̀yẹ, ṣùgbọ́n o kò gbọdọ̀ sáré gbowó. Lillie Bridge ní Lọ́ńdọ̀nù ni ìdíje àkọ́kọ́ ti wáyé ní oṣù keje ọdún náà. Òfin owó yìí náà ló mú Walter George, ọ̀gá eré máìlì kan, kúrò láàárín wọn nígbà tó lọ bá Cummings, eléré tó ń sáré gbowó, díje fún owó.

Ẹni tí mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa ni Arthur Wharton, ọmọ tí wọ́n bí ní Jamestown ní Accra, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ oníwàásù ìjọ Wesley. Ní Stamford Bridge ní 1886, ó fi ìṣẹ́jú àáyá 10 géérégé sá yáàdì 100, ó sì gba ipò kìíní nínú ìdíje AAA. Ó tún gbà á ní 1887. Lẹ́yìn náà ló lọ sáré gbowó ní Sheffield, tó tún di aṣọ́lé tó ń fi bọ́ọ̀lù jẹun. Nígbà tó fi máa kú ní Edlington ní 1930, alágbàṣe ni níbi tí wọ́n ti ń wa èédú, irú ẹni tí AAC kò ní í jẹ́ kó dé ojú ìlà. Títí di 1997, sàréè rẹ̀ kò ní òkúta orúkọ.